Fírísà Tí Wọ́n Pè Ní Tábìlì

Wọ́n ka gbogbo ohun tó ń jẹ iná nílé Àṣàbí, wọn ò ka fírísà rẹ̀. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ṣé ẹ mọ̀ pé ìdí rẹ̀ gan-an nìyẹn tí àwọn àgbà fi ń wí pé ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́? Ẹni tó bá ní inú igbó ni wọ́n ti rí òwe yẹn, kò tíì dé Ìgbẹ́tì, ìlú Àṣàbí, ni. Ọ̀rọ̀ sólà ni. Ẹ fara balẹ̀.

Ẹja dídì ni Àṣàbí ń tà. Fírísà yẹn ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, òun náà loko rẹ̀. Nígbà tí iná ìjọba wá di ohun tí wọ́n ń rí bí àlejò, ọkọ rẹ̀, Bàbá Ìbídàpọ̀, ní òun máa ra sólà. Inú Àṣàbí dùn, ló bá lọ kó ẹja kún fírísà dé ẹnu.

Àárọ̀ ọjọ́ tí Múyìíwá oníṣẹ́ sólà dé, Àṣàbí ti gbé ẹja lọ fún oníbàárà.

"Dádì," Múyìíwá wí, "kí ni gbogbo ohun tí ẹ máa fi iná ṣe? Ẹ má fi ẹyọ kan sílẹ̀ o. Bátìrì dà bí àmù: ohun tí ẹ máa mu mọ́jú la fi ń mọ bó ṣe máa tóbi tó. Pánẹ́ẹ̀lì ló ń pọnmi sí i lọ́sàn-án."

Èèyàn rere ni Bàbá Ìbídàpọ̀, ṣùgbọ́n ìyá tó bí i ti kọ́ ọ pé a kì í ka ẹrù ilé ẹni sí àlejò létí. Ẹni tó bá kà á, olè á bá a kà á parí. Ó ti yáa da ẹní bo fírísà kí ọmọkùnrin yìí tó wọlé.

"Gílóòbù méjì," ló wí. "Àti fáànù kan."

"Kò sí fírísà?"

"Fírísà kẹ̀? Níbo ni tálákà ti rí fírísà?"

"Èyí tí ẹ da ẹní bò yìí ńkọ́?"

"Tábìlì ni."

Múyìíwá gbé pánẹ́ẹ̀lì kan sórí òrùlé, ó gbé bátìrì kékeré kan sílẹ̀ pẹ̀lú ínfátà tó ń sọ iná bátìrì di iná ilé, ó bá tirẹ̀ lọ.

Àṣàbí dé, ó ki wáyà fírísà bọ iná. Ínfátà ké fíìì! Gílóòbù kú, fáànù dúró. Bàbá ní kùrukùru ló fà á. Ilẹ̀ mọ́, ojú ọ̀run mọ́ kedere, ó tún ké fíìì! Bàbá ní eruku ni. Ó gun àkàbà, ó fi kànìnkànìn àti ọṣẹ wẹ pánẹ́ẹ̀lì bí ẹni ń wẹ ìkókó. Àwọn aládùúgbò dúró sísàlẹ̀, wọ́n ń kí i, "Ẹ kú ewu ọmọ o!" Fíìì!

"Ẹja mi ti ń rọ̀ o, Bàbá Ìbídàpọ̀!"

"Ṣe sùúrù, ìwọ obìnrin yìí."

Sùúrù kì í mú ẹja dì. Àṣàbí ránṣẹ́ pe Múyìíwá fúnra rẹ̀. Bó ṣe wọlé ni Bàbá tún da ẹní bo fírísà, tó ní kó jókòó lé e. Ó jókòó. Láìpẹ́, bàtà rẹ̀ tutù rinrin.

"Dádì, tábìlì yín ń sunkún."

"Omi ni mo dà nù."

"Omi tó ń rùn bí ẹja?"

Àwọn ológbò àdúgbò ti tò sẹ́nu ọ̀nà bí èrò ìkómọ, Àṣàbí wà níta tó ń lé wọn. Síbẹ̀ Bàbá búra: gílóòbù méjì, fáànù kan. Múyìíwá bá gun àjà lọ láti yẹ wáyà wò. Ìgbà tó máa sọ̀ kalẹ̀, ìtẹ́ eku ló gbé lọ́wọ́. Ìrépé ìró Àṣàbí ni eku fi kọ́ ọ, ó ṣe é rogodo, kò fẹ̀ jù, kò há jù.

Àṣàbí wọlé, ó gba ìtẹ́ náà, ó wò ó títí. Ló bá fa ẹní yẹn kúrò, ó ṣí fírísà. Òórùn tó jáde, àwọn ológbò nìkan ló dúró tì í.

"Ṣé ẹ rí i? Eku ò fi ara rẹ̀ pamọ́ fún ìtẹ́ rẹ̀. Ó wọn ara rẹ̀, ó ka ọmọ rẹ̀, kó tó gé aṣọ mi!"

"Ìyá Ìbídàpọ̀," Bàbá wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "mi ò fẹ́ kí olè wá kó ẹrù rẹ ni."

Àánú rẹ̀ fẹ́ ṣe obìnrin náà. Òórùn ẹja ò jẹ́.

"Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́! Eku yín rèé, ó ga dé àyà mi, ìtẹ́ aáyán lẹ wá kọ́ fún un. Múyìíwá tún ń bi yín o, mo sì dúró síbí: kí ló wà nílé yìí tó ń jẹ iná? Ẹ dá a lóhùn!"