Fọ́tò Tó Ń Joro Lọ́nà Èkó

Ó yẹ kí ọmọ aráyé mọ̀ pé bí mo bá wọ ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà, n kì í jókòó sórí àga tó kọjú sí fáànù. Àga tó kọjú sí ọ̀rọ̀ ni mo máa ń wá. Orí irú àga bẹ́ẹ̀ ni mo wà ní ṣọ́ọ̀bù Bọ́sẹ̀dé n'Íkọ̀lé, nígbà tí Bàbá Oyèbánjí, àgbẹ̀ oníṣu láti Ìlúpéjú, wọlé, tó ṣí fìlà, tó sì gbé e lé orúnkún bí ẹni tó wá jẹ́rìí ní kóòtù.

"Bàbá, ẹ kú àárọ̀ o. Fọ́tò yín ti lọ lánàá, sà."

"Mo mọ̀ pé ó lọ. Bó ṣe gúnlẹ̀ ló burú. Tòkunbọ̀ ọmọ mi l'Ékòó ní bí òun ṣe fẹ̀ ẹ́ kó tó kàlẹ́ńdà, ojú yèyé òun dà bí ẹ̀kọ tí òjò pa."

"Háà. Kàlẹ́ńdà ìdúpẹ́ yín?"

"Òun náà. Ọ̀sán yìí ni wọn yóò gbé e sórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé l'Ékòó. Yèyé Tòkunbọ̀ sì ti sọ fún mi kí n tó kúrò nílé: bí ojú òun kò bá hàn nínú kàlẹ́ńdà yẹn, kí n lọ dá nìkan dúró níwájú pẹpẹ, kí n ṣe àádọ́ta ọdún ìgbéyàwó mi."

"Bóyá wọ́n kàn ń ṣàwàdà ni, sà."

"Ó rọra sọ ọ́. Bó bá ń ṣàwàdà, ariwo ló máa ń pa."

Bọ́sẹ̀dé fa àga sún mọ́ kọ̀ǹpútà. Ó ṣí fọ́tò náà.

"Ẹ wò ó, sà. Èyí tó wà lọ́dọ̀ mi mọ́ kedere. Ilẹ̀kẹ̀ ọrùn Mámà, ẹ lè kà á. Èyí tó dé ọ̀dọ̀ Bọ̀dá Tòkunbọ̀ kò tó nǹkan kan lára rẹ̀. Ímeèlì ló dín in kù."

"Ta ni ímeèlì?"

"Òun ló gbé e lọ, sà."

"Ẹn-ẹ́n. Awakọ̀ nìyẹn."

"Kì í ṣe awakọ̀, sà. Inú kọ̀ǹpútà ló wà."

"Ó gbé ẹrù n'Íkọ̀lé, ó sọ ọ́ kalẹ̀ l'Ékòó, ẹrù sì dín. Kí ni wọ́n ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ níbi tí o ti kàwé?"

Bọ́sẹ̀dé kọjú sí kọ̀ǹpútà. Ó ń tẹ bọ́tìnnì.

"Bó bá rí fọ́tò tó tóbi, ó máa ń sọ ọ́ di kékeré kó lè tètè lọ. Ibì kan wà tí a ti ń kọ̀ fún un. Mo ti kọ̀ fún un báyìí. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí ara mi."

Ó fi ránṣẹ́ sí ara rẹ̀. Ó ṣí i. Ó wò ó. Ó tún wò ó.

"Ó tún ti dín in."

"O kọ̀ fún un, ó ní 'kò burú, ẹ̀gbọ́n,' ó sì mú un. Dàda tó ń wakọ̀ ní páàkì wa nìyẹn tán."

"Ẹ jẹ́ kí n yí orúkọ fáìlì padà, kó má baà mọ̀ pé fọ́tò ni."

"Bí o bá kọ gbágùúdá sára àpò uṣu, ṣé awakọ̀ ò ní fọwọ́ kàn án wò ni?"

Ó yí i padà. Ó fi ránṣẹ́. Ó ṣí i.

"Ó fọwọ́ kàn án wò, sà."

"Bọ́sẹ̀dé, dá mi lóhùn. Ṣé o tilẹ̀ rán ẹnu àpò?"

"Àpò wo, sà?"

"Tàbí ṣe lo kàn kó o sílẹ̀ tó ń yọjú sí gbogbo ẹni tó ń kọjá? Uṣu tí mo ń fi ránṣẹ́ sí Tòkunbọ̀, inú àpò ló ń wà. Abẹ́rẹ́ ni mo fi ń rán ẹnu rẹ̀."

Bọ́sẹ̀dé fi ọwọ́ lu tábìlì.

"Ó wà, sà. Ohun kan wà tó ń di fáìlì bí ẹni di ẹrù. Síìpù ni wọ́n ń pè é. Ímeèlì kì í tú u wò."

"O mọ̀ bẹ́ẹ̀, o wá gbé ìyàwó mi lọ s'Ékòó ní ìhòhò."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra sọ ọ́. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì yín ń kọjá níta."

Ó di fọ́tò náà. Ìka rẹ̀ ti fẹ́ kan bọ́tìnnì nígbà tí Bàbá na ọwọ́.

"Dúró. Èwo ni tiẹ̀?"

"Ti ta ni, sà?"

"Ti awakọ̀. Bí mo bá rán àpò tán, mo máa ń fi uṣu kékeré kan lé e lórí níta. Tiẹ̀ nìyẹn. Bí kò bá rí i, ọ̀bẹ ni yóò fi kí tèmi."

"Ímeèlì kì í jẹun, sà."

"Kí ló wá ń bù jẹ láti àná?"

Bọ́sẹ̀dé wo aago ara ògiri. Ọ̀sán ti ń sún mọ́lé.

"Fọ́tò wo ni kí n fi lé e, sà?"

"Èyí tí èmi nìkan dá yà. Kò sẹ́ni tó bèèrè rẹ̀."

Ó fi í lé e. Ó fi ránṣẹ́. Àwọn méjèèjì ń wo fóònù bí ẹni ń wo ìkòkò ẹ̀wà. Nígbà tó dún, Bọ́sẹ̀dé ka èsì náà síta:

"'Ó ti dé. Mo tú u. Ojú Mámà mọ́ kedere, mo ti gbé e fún wọn, wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ta ni bàbá bàìbàì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹrù yìí?'"

Bàbá Oyèbánjí gbé fìlà rẹ̀, ó dé e.

"O rí i? Ó mú tiẹ̀, ó fi tiwa sílẹ̀. Ọmọlúàbí awakọ̀ ni."

"Síìpù ló ṣe é, sà. Láìfi nǹkan kan lé e, ìyẹn náà ì bá dé ní pípé."

"O ti gbìyànjú rẹ̀ wò rí?"

"Rárá, sà."

"Má gbìyànjú rẹ̀. Jẹ́ kí n lọ sọ nílé pé méjì la ó dúró níwájú pẹpẹ."

Ó lọ. Bọ́sẹ̀dé ṣí ìwé ẹ̀rí tirẹ̀, èyí tó fẹ́ fi wá iṣẹ́ l'Ábùjá, ó sì dì í. Ìka rẹ̀ dúró lórí bọ́tìnnì. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó mú fọ́tò ewúrẹ́ kan, ó sì rọra fi lé e.

Ọ̀rọ̀ wọn kò kàn mí. Ṣùgbọ́n èmi náà ní fáìlì tó ń lọ s'Íbàdàn lọ́la, n kò sì ní fọ́tò ewúrẹ́: ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, ṣé ímeèlì máa ń gba ti adìẹ?