Imú Séverin ní Gbàgede Sakété

Àgbà kì í wà nílùú kí gbàgede má lójú. Ìdí nìyí tí Séverin, alága ìgbìmọ̀ gbàgede Sakété, Afimú-ṣáájú-ara, Arẹwà-tí-jígí-ń-kí, ṣe fún gbàgede ní ojú tirẹ̀.

Àwọn kan ló gbé ẹ̀rọ gbàǹgbà kan wá láti Kútọnú, bíi tẹlifíṣọ̀n tó ga ju ènìyàn lọ. Bí ènìyàn bá fìka tẹ̀ ẹ́, yóò sọ ìtàn ìlú, yóò júwe ọ̀nà. Wọ́n ní yóò máa fa àlejò. Wọ́n fẹ́ fi ibi títẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Séverin kọ̀.

"Kí ló ń wá ní ìsàlẹ̀? Ẹ fi fótò mi kún ojú rẹ̀, kí wọ́n máa tẹ̀ mí láàárín ojú. Kò sẹ́ni tí yóò wọlé láìkí mi."

Bí imú rẹ̀ ṣe di ilẹ̀kùn nìyẹn. Ó tún gba ohùn ara rẹ̀ sínú ẹ̀rọ náà: "Ẹ ṣeun. Inú mi dùn púpọ̀."

Oṣù mẹ́ta kọjá, ẹnikẹ́ni ò tẹ̀ ẹ́. Ta ni yóò nàka sí àgbà nímú ní gbangba, kí wọ́n lè ní kò kẹ́kọ̀ọ́ ilé? Àwọn oní-zẹ́mí á kí fótò náà láti orí alùpùpù akérò wọn, wọ́n á kọjá. Séverin ní ẹwà òun ló ń dẹ́rù bà wọ́n.

Lọ́jọ́ kan, Larissa, ọ̀gá àwọn tó ni ẹ̀rọ, dé. "Bí ọgọ́rùn-ún ènìyàn ò bá lò ó kó tó di ọ̀sán, Pobè là ń gbé e lọ."

Pobè kẹ̀? Òógùn bo Séverin. Ó sáré tọ Flavienne ẹlẹ́kọ lọ.

"Flavienne, ọmọ mi, wá tẹ̀ mí."

"Níbo, Bàbá?"

"Nímú."

"Níṣojú gbogbo ayé?"

"Mo ní kó o tẹ̀ ẹ́."

Flavienne yíjú sí àwọn tó ń jẹ̀kọ. "Ẹ ṣáà gbọ́. Kì í ṣe èmi ni mo sọ ọ́."

Ó lọ tẹ imú fótò náà mọ́lẹ̀. Ẹ̀rọ dáhùn: "Ẹ ṣeun. Inú mi dùn púpọ̀."

Ẹ̀rín bú yẹ́ẹ́. Kíá, ìlà ti gùn dé títì: àwọn tí Séverin ti lé kúrò ní gbàgede rí, àwọn tó ti bú rí, àna rẹ̀ méjì. Oní-zẹ́mí kan tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. "Èyí tìyàwó mi ni, kò ráyè wá."

Kó tó di ọ̀sán, wọ́n ti lé ní igba. Séverin rọra sọ̀rọ̀ sí Larissa létí. "Ó ti tó. Ẹ bá mi yọ fótò náà."

"Ká yọ ọ́ kẹ̀, Bàbá? Òun ló ń fà wọ́n."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Séverin gba ọ̀nà oko. Àwọn mẹ́ta láti Ahoyéyé dá alùpùpù dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ẹ kú àárọ̀, Bàbá. Ọ̀nà ibi tí wọ́n ti ń tẹmú dà?"

Séverin fọwọ́ bojú, ó fi ìgbọ̀nwọ́ júwe ọ̀nà. Wọn ò lọ. Èyí tó jókòó lẹ́yìn ti tẹjú mọ́ ọn, ó sì ń rọra nu ìka rẹ̀ sára ṣòkòtò.