Rélùwéè Tó Dí Ìyàwó Lọ́nà Ilé Ìdáná

Ẹjọ́ tó dé ààfin lánàá, bí kì í bá ṣe pé mo wà níbẹ̀, ǹ bá ní irọ́ ni. Ìyàwó kan ló pe ọkọ rẹ̀, télọ̀ tó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, lẹ́jọ́. Ó ti palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ sínú báàgì, ó ní bí Kábíyèsí ò bá dá sí i, òun ò padà sílé mọ́.

"Kábíyèsí, baálé mi to rélùwéè ìṣeré yí gbogbo ilé ká. Mi ò bínú. Wọ́n tò ó gba ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná kọjá. Mi ò bínú náà. Ni wọ́n bá fi igi dábùú ẹnu ọ̀nà, wọ́n ní ẹ̀rọ ni yóò máa gbé e sókè sódò."

"Kí ni igi wà fún?"

"Bí ọkọ̀ bá ń bọ̀, á wálẹ̀. Wọ́n so ojú ẹ̀rọ kan tó ń ṣọ́ ọkọ̀ mọ́ ìdí ilẹ̀kùn. Ẹsẹ̀ mi ló ń rí, Kábíyèsí! Bí mo bá sún mọ́ ọn, igi á wálẹ̀. Bí mo bá padà sẹ́yìn, á gòkè. Orúnkún mi ò sì jẹ́ kí n rá kọjá. Ìrẹsì jóná níjọ́sí, mo dúró, mò ń wò ó."

Ìjòyè kan ti fọwọ́ bo ẹnu.

"Télọ̀, ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni, Kábíyèsí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ò jẹ̀bi. Ohun tí mo kọ́ ẹ̀rọ náà ni pé ohunkóhun tó bá ń bọ̀, ọkọ̀ ni. Ìyá àwọn ọmọ ló ń bọ̀ láìfọn fèrè."

"Kí ìyàwó ẹ máa fọn fèrè wọ ilé ìdáná?"

"Ẹ̀mí ni mò ń dáàbò bò, Kábíyèsí. Èrò kún inú ọkọ̀ yẹn."

"Èrò wo?"

"Àwọn tí mo fi bọ́tìnnì ṣe."

Ààfin bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n pe bàbá tó ń tún rédíò ṣe, ẹni tó bá a so wáyà.

"Iṣẹ́ mi ò lábùkù, Kábíyèsí. Igi yẹn ò dá ẹnikẹ́ni dúró rí."

"Ìwọ náà ńkọ́?"

"Èmi? Rárá o. Mo kàn sáré wọ ilé ìdáná lọ mu omi ni, mo bá jókòó síbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú."

"Kí lo jókòó ṣe?"

"Igi ò gòkè."

Ó kan ìyá ìyàwó.

"Èmi ò rí rélùwéè kankan nílé àna mi. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni."

"Ìyá, kí ló wá ṣe yín tí ẹ ń tiro?"

"Rélùwéè ló gbá mi."

Ojú ti télọ̀, ohùn rẹ̀ sì wálẹ̀. "Kábíyèsí, látìgbà tí mo ti fi ẹ̀rọ ìránṣọ sílẹ̀, kò sẹ́ni tó ń dúró dè mí fún ohunkóhun mọ́. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tú ọkọ̀ mi."

Àánú rẹ̀ ṣe mí, mi ò purọ́.

"Èmi ń dúró dè yín," ni ìyàwó wí. "Lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná."

Kábíyèsí nu ojú rẹ̀. "Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tú rélùwéè. Ìyàwó, máa gbé báàgì ẹ lọ sílé. Télọ̀, yọ igi yẹn. Láti òní lọ, bí ojú ẹ̀rọ bá rí ẹsẹ̀ ìyàwó ẹ, ọkọ̀ ni kó dúró. Inú ọkọ̀ náà sì ni oúnjẹ ẹ yóò máa gbà dé ọ̀dọ̀ ẹ."

Télọ̀ káwọ́ lérí. "Kábíyèsí, ìrẹsì ṣíbí kan ò lè wọ inú ẹ̀!"

"Kó máa pààrà."

"Bí ìyá àwọn ọmọ bá wá lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà ńkọ́? Ebi á pa mí!"

"Wàá bẹ̀ ẹ́," ni Kábíyèsí wí, ó sì dìde lọ jẹun.