Bí Bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà Ṣe Mú Wa Ṣìnà ní Mẹ́kà

Ọjọ́ kan wà tí mo bá rántí, ojú a máa tì mí bí kò tilẹ̀ sí ẹni tó ń wò mí. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́: èmi ni mo jẹ̀bi. Ọ̀nà kò dí, ọkọ̀ kò bàjẹ́. Ẹnu mi ni kò dákẹ́.

Fóònù ni mo ń tà ní Al-Baghdadiyah, ní Jẹ́dà. Súlè, ọ̀rẹ́ mi kan ní Ìbàdàn, bẹ̀ mí pé kí n fi ọkọ̀ gbé bàbá òun láti pápákọ̀ òfurufú lọ sí Al-Aziziyah, ní Mẹ́kà. Ìyá rẹ̀ ti ṣáájú dé ibẹ̀. Láti ìgbà tí àwọn méjèèjì ti fẹ́ra ni wọ́n ti ṣàdéhùn pé ọjọ́ tí àwọn bá máa kọ́kọ́ rí Káábà, àwọn jọ máa rí i ni. Lẹ́yìn ìrun Alásárì ọjọ́ náà ni bọ́ọ̀sì máa kó wọn lọ síbẹ̀.

Bàbá náà, tí mò ń pè ní Àlàájì, jókòó nínú aṣọ híráámù funfun, wọ́n ń ṣe àdúà jẹ́jẹ́. Gbogbo wa la mọ̀ pé ẹni tó bá wọ aṣọ yẹn kì í jiyàn. Àfi bí wọ́n ṣe ṣèèṣì sọ pé ọmọ ọmọ àwọn ń gbá bọ́ọ̀lù jẹun ní Amẹ́ríkà. Èmi tí mi ò kàwé dé ibì kankan, bọ́ọ̀lù nìkan ni mo gbọ́n sí.

"Àlàájì, ẹ má bínú o, ṣé ìyẹn náà ni bọ́ọ̀lù? Ẹgbẹ́ tó bá gbẹ́yìn níbẹ̀, wọn kì í já a sílẹ̀ sí ìpele ìsàlẹ̀. Ní Yúróòpù, ìbẹ̀rù àtijá ló ń mú wọn sáré. Ẹni tí kò sí ohun tó máa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ló fẹ́ sáré sí?"

"Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Àwọn ti Yúróòpù ti ń gbá a kí wọ́n tó bí bàbá mi. Jẹ́ n ṣe àdúà mi, jàre."

Ǹ bá dákẹ́. "Kì í ṣe ti ọjọ́ orí, Àlàájì. Òbí ló ń sanwó kí ọmọ tó kọ́ ọ níbẹ̀. Ọmọ tálákà tó mọ̀ ọ́n gbá jù, ìta ló wà. Wọ́n á wá lọ kó àwọn tó ti rẹ̀ wá láti Yúróòpù!"

"Ta ló rẹ̀? Ọmọ ọmọ mi?" Àdúà parí. Aṣọ ti bọ́ léjìká wọn, wọ́n ń fi tẹ̀súbáà lu iwájú ọkọ̀. "Ìwọ tó ń ta fóònù, ẹgbẹ́ wo lo gbá fún rí?"

Ibi tí mo ti ń fọwọ́ ṣàpèjúwe gólì fún wọn la ti kọjá ibi tó yẹ kí n yà. Nígbà tí mo fi máa dákẹ́, Az-Zahir la bá ara wa, apá ibòmíì nínú ìlú. Mo ní mo mọ àbùjá. Irọ́ ni. Àbùjá mi tún dá wa padà síwájú ṣọ́ọ̀bù kan náà, tí oníṣọ́ọ̀bù fi ń juwọ́ sí wa bí ẹni tó ti mọ̀ wá tipẹ́.

Nígbà tí a dé Al-Aziziyah, bọ́ọ̀sì ti gbé Àlàájà, ìyàwó wọn, lọ. Ní Hárámù, mọ́sálásí tí Káábà wà nínú rẹ̀, la ti bá Àlàájà, ojú wọn ti pọ́n.

"Bàbá Súlè, níbo lẹ wà? Mo dorí kodò títí kí n má baà rí Káábà, ṣùgbọ́n èrò ń tì mí, mo gbójú sókè, mo sì rí i."

Mo sá sẹ́yìn Àlàájì, èmi tí mo ti ń rojọ́ láti Jẹ́dà.

"Èmi ni," Àlàájì dáhùn. "Mo ń jiyàn nínú híráámù. Ọmọ yìí ṣe dáadáa."

Mo ti wá mọ̀ pé èmi gan-an ni ẹgbẹ́ tí kì í já sílẹ̀ yẹn. Kò sí ohun tó máa bọ́ lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà, mi ò sì sáré. Títí dòní ni Àlàájà ń fi ohùn ránṣẹ́ sí mi láti Ìbàdàn, tí wọ́n ń ṣàdúà fún "ọmọ dáadáa tó gbé ọkọ mi dé Mẹ́kà." Mo máa ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà a korò lẹ́nu mi. Àmín ni mò ń fi ránṣẹ́ padà. Òótọ́ tí mo jẹ wọ́n ṣì wà lọ́rùn mi.