Ológbò Tí Ò Fẹ́ Rí Onígbàjámọ̀

Ẹjọ́ kan dé ààfin lánàá, inú apẹ̀rẹ̀ onídèérí sì ni ẹni tí wọ́n torí ẹ̀ wá wà. Onígbàjámọ̀ tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ẹnu-Ò-Sinmi ló pẹjọ́. Ìyá Ológbò ló pè lẹ́jọ́, obìnrin tó máa ń ṣa àwọn ológbò tí wọ́n jù síta, tó ń wá ilé fún wọn.

"Kábíyèsí, wọ́n lù mí ní jìbìtì! Ológbò ni wọ́n ní àwọn fún mi. Látìgbà tó ti wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mi ò fojú kàn án mọ́, àfi láàárọ̀ yìí tí wọ́n fà á jáde sínú apẹ̀rẹ̀. Oúnjẹ ń tán nínú abọ́, àmọ́ ta ló ń jẹ ẹ́? Ó lè jẹ́ eku!"

"Ìyá Ológbò, kí lo rí sọ?"

"Kábíyèsí, ẹ̀rù èèyàn ló ń ba ọmọ mi. Mo ṣàlàyé fún wọn: kí wọ́n fi í sí yàrá kan, kí wọ́n gbóúnjẹ síbẹ̀, kí wọ́n má wò ó, kí wọ́n má pè é. Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ nìgbín fi ń gungi."

"Mo ṣe bẹ́ẹ̀! Mi ò dá sí i rárá!"

Wọ́n pe télọ̀ tí ògiri kan ṣoṣo wà láàárín yàrá ẹ̀ àti ti Ẹnu-Ò-Sinmi.

"Kò dá sí i kẹ̀? Ilẹ̀ ò ní tíì mọ́ tí á ti máa kí i. 'Ṣó o sùn dáadáa? Gbọ́ ohun tí oníbàárà mi sọ lánàá.' Ó di ìgbà tó bá lọ síbi iṣẹ́ kétí wa tó sinmi."

"Irọ́ ni," ni bíríkìlà tó ń gbé lókè wọn wí. "Orin ló ń kọ. 'Jáde wá, olólùfẹ́ mi.' Mo rò pó ti gbéyàwó ni, mo ti lọ kí i kú oríire!"

Àwọn olóyè bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Ológbò ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀.

"Kábíyèsí, mò ń gbé e lọ lónìí. Ọ̀rọ̀ ni wọ́n máa fi pa á."

Ẹnu-Ò-Sinmi dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e lọ. Látìgbà tí ìyàwó mi ti kú, ohùn tèmi nìkan ni mò ń gbọ́ nínú ilé. Mo kàn fẹ́ kí nǹkan kan dá mi lóhùn ni."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Kábíyèsí gbọn ìrùkẹ̀rẹ̀.

"Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ológbò ò ní lọ. Ẹnu ẹ ló máa lọ. Jókòó sílẹ̀, kẹ̀yìn sí apẹ̀rẹ̀ yẹn. Títí ológbò á fi fẹsẹ̀ ara ẹ̀ wá bá ọ, bó o bá fọhùn pẹ́nrẹ́n, Ìyá Ológbò á gbé e lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ báyìí."

"Kábíyèsí, ẹ ṣàánú ẹ̀," ni olóyè àgbà kan bẹ̀bẹ̀. "Ẹ kúkú jù ú sẹ́wọ̀n!"

Ẹnu-Ò-Sinmi jókòó, ó fọwọ́ bo ẹnu. Gbogbo ààfin dákẹ́ rọ́rọ́ títí ìdérí apẹ̀rẹ̀ fi mì. Ológbò yọ orí, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rọra wá gbóòórùn bàtà onígbàjámọ̀. Ló bá gun itan ẹ̀, ó ká jọ síbẹ̀, ó sùn.

Omijé ń bọ́ lójú ọkùnrin náà. Ó ń fi àgbọ̀n júwe itan ẹ̀ kí télọ̀ àti bíríkìlà lè rí i.

Kábíyèsí fẹnu sún mọ́ ọn létí, ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́: "Ó ti wá. Máa sọ̀rọ̀."

Ẹnu-Ò-Sinmi mi orí. Òun ò ní sọ̀rọ̀, kí ológbò má baà jí.