Adìyẹ Yó, Ọ̀nà Róòmù Dí

Ẹ má wulẹ̀ máa mi orí pé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń sọ pé ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá yín ni, ẹ̀yin náà ń tún un sọ. Ìlú Róòmù lọ̀rọ̀ ọ̀hún ti bẹ̀rẹ̀, láyé ọjọ́un, obìnrin tó sì kọ́kọ́ sọ ọ́, opó ni. Petílíà lorúkọ rẹ̀.

Lábíò oníkẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ló kọ́kọ́ mú ìròyìn burúkú náà dé etí rẹ̀. Petílíà ń ro omi ẹja lọ́wọ́ lẹ́yìnkùlé. Omi ẹja yìí ni òwò rẹ̀. Wọ́n á kó ẹja àti iyọ̀ sínú ìkòkò, wọ́n á gbé e sóòrùn fún oṣù méjì títí gbogbo rẹ̀ á fi yọ́ di omi. Àwọn ará Róòmù ò lè jẹun láìfi í sí i, bí àwa náà ò ṣe lè fi ògìrì sílẹ̀. Ṣùgbọ́n òórùn rẹ̀! Bí Petílíà bá ń bọ̀, imú ní í kọ́kọ́ kí i káàbọ̀ kí ojú tó rí i.

"Ìyá Fẹ́tíà," Lábíò di imú mú, "wọ́n ti dí ọ̀nà igbó o."

"Ta ló dí i?"

"Fúríúsì tí àwọn ìjòyè gbé iṣẹ́ ọ̀nà fún ni. Ó ti parí ọ̀nà olókùúta rẹ̀. Ó ní láti òní lọ, ọ̀nà kan ṣoṣo ló wọ ọjà, tirẹ̀ nìyẹn. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá tún kan ọ̀nà igbó, á san idẹ mẹ́wàá."

"Ṣé ẹsẹ̀ kan ni mẹ́wàá ni, àbí méjèèjì?"

"Ẹ máa ṣàwàdà lọ. Wọ́n ní bí ọjà tó ń bọ̀ yìí bá ti tú, ó ń lọ sí òkè àríwá lọ la ọ̀nà mìíràn. Gbogbo ará ilé rẹ̀ ló ń kó lọ."

Ọmọ-orógùn bọ́ lọ́wọ́ Petílíà.

Ṣé ẹ rí i, wọ́n ń fi ọmọ ṣe ìwọ̀fà lọ́hùn-ún bí àwọn baba wa náà ṣe ń ṣe. Ọkọ Petílíà yá ọgọ́rin idẹ, owó ayé ìgbà yẹn, lọ́wọ́ Fúríúsì, ó fi Fẹ́tíà, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ṣe ìwọ̀fà. Ọkọ kú, gbèsè ò bá a kú. Ọdún kejì rèé tí ọmọ ti ń lọ ọkà nílé olówó. Petílíà ti ṣa ogójì jọ. Ìkòkò omi ẹja mẹ́fà tó wà nílẹ̀ yìí ni yóò mú ogójì tó kù wá. Bí kò bá san án kí oòrùn ọjọ́ ọjà tó wọ̀, ibi tí ọ̀nà Fúríúsì bá dé lọmọ rẹ̀ yóò dé.

Ẹ jẹ́ á sòótọ́ o, Fúríúsì mọṣẹ́. Ọ̀nà àwọn ará Róòmù tọ́ bí okùn tí wọ́n fà le. Wọn ò ní yà fún òkè, wọ́n á la òkè sí méjì ni. Títí di òní olónìí, púpọ̀ nínú rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀, ẹsẹ̀ ń gba orí rẹ̀. Èyí tí wọ́n ṣe síwájú ìsọ̀ wa lẹ́sìí ńkọ́? Ewúrẹ́ ti ń mumi nínú rẹ̀. Àìsàn kan péré ló ń ṣe Fúríúsì: kò gbà pé ohun tó bá wọ́ lè dára.

Ìsán-ìsán, ọjọ́ mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án, ni wọ́n ń ná ọjà Róòmù. Nígbà tó pé, Petílíà di ìkòkò mẹ́fà ru kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ Lábíò, wọ́n gba ọ̀nà olókùúta. Ọ̀nà náà dán, Petílíà fúnra rẹ̀ yìn ín. Ìgbà tí wọ́n dé ibi tí wọ́n ti la òkè, wọ́n bá èrò bí eéṣú. Petílíà fi ẹrù ti Lábíò, ó gba àárín èrò lọ síwájú lọ wò.

Fúríúsì ló wà níbẹ̀. Ó ti gbẹ́ òkúta kan tó ga ju ènìyàn méjì lọ, ó kọ ọ́ sí i lára pé Ọ̀NÀ KAN ṢOṢO LÓ WỌ ỌJÀ, ó fẹ́ lọ rì í mọ́ ẹnu ọjà níṣojú àwọn ìjòyè. Ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ tí màlúù fi ń fà á ló ṣẹ́. Òkúta já bọ́, ó dábùú ọ̀nà. Ògiri òkè lọ́tùn-ún, ògiri òkè lósì, eku ò ríbi kọjá.

"Ẹ jẹ́ á yí i kúrò!" Ogún géńdé ti ká aṣọ sókè.

"Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án," Fúríúsì ní, "àfi bí adìyẹ bá jẹun."

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àwọn aṣáájú Róòmù kì í dáwọ́ lé ohun ńlá láìbi adìyẹ. Wọ́n ní adìyẹ mímọ́ nínú àgò tí wọ́n ń gbé kiri. Wọ́n á da ọkà sílẹ̀ fún un. Bó bá jẹ ẹ́, àwọn òrìṣà wọn ti gbà nìyẹn. Bí kò bá jẹ ẹ́, kí kálukú jókòó jẹ́ẹ́.

Wọ́n da ọkà sílẹ̀. Adìyẹ mẹ́ta jáde, wọ́n wo ọkà, wọ́n kẹ̀yìn sí i. Jìnnìjìnnì bá èrò. Ṣùgbọ́n Petílíà ti ra adìyẹ rí, ó ti tà á rí. Ó rí i pé ọrùn wọn wú bí àpò. Ó tún rí àpò ọkà kan tó tú sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgò, tó ti ṣófo.

"Ẹ jọ̀ọ́, àwọn adìyẹ yìí ti yó."

"Obìnrin yìí," ọkùnrin tó ń tọ́jú wọn ní, "adìyẹ mímọ́ kì í yó."

"Bó bá ṣe ẹ̀yin lẹ jẹ odidi àpò ọkà, ṣé ẹ tún máa jẹun?"

"Àwọn òrìṣà ló ń bínú," Fúríúsì ní. "A ó dúró."

Wọ́n dúró. Agbo àgùntàn dé. Ìyàwó tí wọ́n ń sìn lọ ilé ọkọ dé. Òkú tí wọ́n ń gbé lọ sin náà dé, pẹ̀lú àwọn tí wọ́n háyà wá sunkún. Nígbà tó ṣe, wọn ò sunkún òkú mọ́, ara wọn ni wọ́n ń sun ún fún. Fúríúsì ní kí gbogbo ènìyàn pa rọ́rọ́, kí adìyẹ lè fọkàn balẹ̀ jẹun. Odidi èrò ọjà dákẹ́, wọ́n ń wo ẹnu adìyẹ. Ọ̀kan sún mọ́ ọkà. Ó tẹrí ba. Èrò na ọrùn. Adìyẹ yàgbẹ́ sórí ọkà, ó lọ sùn.

Ìgbà yẹn ni Petílíà gbóhùn kan lókè ẹrù Fúríúsì.

"Màmá, ṣé ọjà ò ní tú báyìí?"

Fẹ́tíà ni. Ọlọ wà lórí itan rẹ̀, wọ́n ti kà á mọ́ ẹrù òkè àríwá.

"Jókòó síbẹ̀," Petílíà ní. "Mò ń bọ̀."

Ó padà sẹ́yìn, kò bá kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ti lọ sẹ́nu ọ̀nà igbó tó yà kúrò lára ọ̀nà olókùúta, ó ń jẹ ẹ̀gún tí wọ́n fi dí i. Ọdún méjìlá ló ti ń gba ibẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ka òfin sí i létí.

"Ìyá Fẹ́tíà, ẹ má tẹ̀lé e! Idẹ mẹ́wàá!"

"Lábíò, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rẹ ló ń lọ. Ẹrù mi lèmi ń tẹ̀ lé."

Àwọn yòókù rí wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ìtànràn ò jẹ́ kí wọ́n mira.

Ìgbà tí wọ́n dé ọjà, àtẹ dá páropáro. Petílíà nìkan ló pàtẹ. "Kí ló dé tó wọ́n tó báyìí?" ni àwọn oníbàárà ń wí. "Bí ẹ bá rí ẹlòmíràn, ẹ rà lọ́dọ̀ ẹ̀," ni Petílíà ń dá wọn lóhùn. Kí oòrùn tó yẹ̀ lórí, ìkòkò mẹ́fà ti gbẹ, ogójì ti pé, ó ti lé. Ṣùgbọ́n olówó ò sí lọ́jà. Àwọn ìjòyè tó ń dúró dè é ń yán. Oòrùn ń rẹlẹ̀. Petílíà di ọgọ́rin idẹ mọ́ra, ó gbé òṣùwọ̀n rẹ̀, ó tún gba ọ̀nà igbó padà.

Ó bá Fúríúsì lórí òkúta, ó ká gúlútú. Adìyẹ ń sùn.

"Ẹ wá gba owó yín."

"Ibo lo ti rí ọjà tà?"

"Ní ọjà ni."

"Ta ló gba ibí kọjá?"

"Kò sẹ́ni tó gba ibí kọjá."

Ó yé Fúríúsì. "O gba ọ̀nà igbó! Idẹ mẹ́wàá!"

"Mo gbà. Àwọn ìjòyè ní bí ẹ ò bá dé kí oòrùn tó wọ̀, ẹlòmíràn làwọn máa gbé iṣẹ́ òkè àríwá fún."

Fúríúsì wo òkúta, ó wo adìyẹ, ó wo oòrùn. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣé ó jìnnà, ọ̀nà igbó yẹn?"

"Kò jìnnà. Ó kàn wọ́ ni."

"Ó wọ́ tó báwo?" Ẹ ó rò pé ọ̀rọ̀ egbò ló ń béèrè.

Àánú rẹ̀ ṣe Petílíà díẹ̀. "Mo máa di ọwọ́ yín mú. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ yín á kàn án, mẹ́wàá tiyín nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká fi tiyín pa tèmi rẹ́."

"Adìyẹ ńkọ́?" ọkùnrin tó ń tọ́jú wọn béèrè.

"Jẹ́ kí wọ́n sùn," Fúríúsì fúnra rẹ̀ ló dá a lóhùn.

Petílíà gbé òṣùwọ̀n kalẹ̀, nítorí wíwọ̀n ni wọ́n ń wọn idẹ nígbà yẹn. Ìyàwó, àgùntàn àti àwọn olókùú ni ẹlẹ́rìí. Fúríúsì ń wò ó, ó tún ń wo ohun tí òun fọwọ́ ara òun kọ sára òkúta.

"Ìyá Fẹ́tíà, kí ni kí n wá sọ fún àwọn ìjòyè?"

"Ẹ sọ fún wọn pé ọ̀nà kan ò wọ ọjà," Petílíà ní. Ó ju idẹ tó kẹ́yìn sórí òṣùwọ̀n, ó pé géérégé, Fẹ́tíà sì fò bọ́ sílẹ̀ lórí ẹrù.