Bọ́ọ̀lù Kan Ṣoṣo Tí Ikọ̀ Orílẹ̀-Èdè Fi Borí

Àádọ́ta ọdún gbáko ni ikọ̀ ọkùnrin orílẹ̀-èdè náà fi gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ kiri ayé, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n borí.

Ẹ̀ẹ̀kan péré.

Akọ̀wé àjọ tó ń bójú tó bọ́ọ̀lù náà ni iṣẹ́ já lé léjìká pé kó kọ ìtàn wọn. Alága àjọ pè é sí ọ́fíìsì lọ́jọ́ Ajé kan, ó ní ayẹyẹ àádọ́ta ọdún ti ń bọ̀, òun fẹ́ ìwé tó nípọn, tó ń dán, tó kún fún ògo. Akọ̀wé rọra bi í pé ṣé kí òun kọ gbogbo ibi tí wọ́n ti lù wọ́n sí i. Alága ní kó kọ ọ́, ṣùgbọ́n kó kọ ọ́ lọ́nà tí ẹni tó bá kà á ò fi ní mọ̀ pé wọ́n lù wọ́n.

Ni Akọ̀wé bá wọ yàrá fáìlì lọ. Ó fa fáìlì àkọ́kọ́, gbọ̀ọ̀ ni eruku bò ó lójú. Ó sín, ó nu imú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

Nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n jáde nílé, mọ́kànlélọ́gọ́fà sí mọ́kàndínlógún ni wọ́n fi nà wọ́n. Ẹni tó kọ ìròyìn rẹ̀ ní àwọn ọmọ gbìyànjú, pé nígbà tó kù díẹ̀ kí eré parí, bọ́ọ̀lù tiẹ̀ ń kan irin apẹ̀rẹ̀ lemọ́lemọ́.

Nígbà kejì, ìdíje ti parí lánàá kí wọ́n tó dé. Wọ́n ya fọ́tò nínú gbọ̀ngàn òfìfo, àwọn tó ń gbálẹ̀ ló dúró tì wọ́n. Ìròyìn ọdún yẹn ní: "A kò fìdí rẹmi rárá lọ́dún yìí."

Nígbà kẹta, ẹni tó ń kọ́ àwọn èèyàn lódò wíwẹ̀ ni wọ́n fi ṣe akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, torí òun nìkan ló ní fèrè.

Ti ìkẹrin ló burú jù. Èèyàn márùn-ún péré ni ikọ̀ kejì kó wá, ọ̀kan sì fi ẹsẹ̀ rọ́ lórí àtẹ̀gùn òtẹ́ẹ̀lì. Wọ́n bá wọ aṣọ fún awakọ̀ bọ́ọ̀sì wọn. Bàbá oníkùn gbẹ̀ǹdù náà kó kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ fún rẹfirí, ó wọ pápá, ó ju àmì mẹ́rìnlá sínú àwọ̀n. Lẹ́yìn eré, ọkọ̀ àwọn ọmọ wa kọ̀, kò ṣiṣẹ́. Bàbá yìí kan náà ló fi bọ́ọ̀sì rẹ̀ gbé wọn dé òtẹ́ẹ̀lì wọn.

Ẹ̀rín ń pa mí bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí!

Ẹ̀yìn gbogbo ìtìjú yìí ni ìborí kan ṣoṣo yẹn wá ṣẹlẹ̀, ní ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn. Mọ́kànlélọ́gọ́ta sí ọgọ́ta. Ẹ má rò pé ife ẹ̀yẹ ni wọ́n ń dù o. Ikọ̀ mẹ́rìndínlógún ló wà nínú ìdíje náà, eré ẹni tí yóò ṣe ipò kẹẹ̀ẹ́dógún ni. Ìjà àti má ṣe gbẹ̀yìn. Ìṣẹ́jú àáyá tó kẹ́yìn pátápátá ni bọ́ọ̀lù wọlé, ẹni tó jẹ́ balógun ikọ̀ lọ́jọ́ náà, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Balógun títí dòní, ló ní òun lòun jù ú.

Balógun yìí, bàbá ìyàwó Akọ̀wé ni.

Ọkùnrin náà ga débi pé kò sí ẹnu ọ̀nà tí kì í tẹrí ba fún, títí kan èyí tó ga jù ú lọ. Níbi ìgbéyàwó Akọ̀wé, wọ́n ní kó wá gbàdúrà fún tọkọtaya, ogójì ìṣẹ́jú ló fi sọ bó ṣe ju bọ́ọ̀lù yẹn. Kò rántí ṣe àmín. Ojú ẹni tí kò tó nǹkan ló sì fi ń wo Akọ̀wé láti ọjọ́ náà. Ó máa ń sọ fún àlejò pé ọmọ òun lọ fẹ́ ọkùnrin tí kò lè mú iyọ̀ lórí pẹpẹ láìgun àga.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé kì í ṣe Balógun nìkan ló ju bọ́ọ̀lù náà. Akọ̀wé lọ bá onígbàjámọ̀ kan tó wà nínú ikọ̀ nígbà náà, onígbàjámọ̀ ní òun ni. Ó lọ bá mẹkáníìkì kan, mẹkáníìkì ní òun ni, ó tún fi ọwọ́ tó fi jù ú hàn án, ọ́ìlì ń kán lára rẹ̀. Olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì ní òun ni. Ẹni kẹrin tó ń ta táyà ní kí wọ́n má tiẹ̀ bi òun, ta ni kò mọ̀?

Èèyàn márùn-ún ló ju bọ́ọ̀lù kan.

Akọ̀wé fi ọ̀rọ̀ náà tó ìyàwó rẹ̀ létí bí wọ́n ṣe ń jẹun. Ìyàwó gbé ṣíbí kalẹ̀.

"Bàbá mi ló jù ú," ló wí. "Tó o bá kọ orúkọ ẹlòmíì sínú ìwé yẹn, bá onítọ̀hún lọ sílé rẹ̀, kó máa bọ́ ẹ."

Orí bá a ṣe é, ó rí ìwé tí wọ́n fi ń ka àmì lọ́jọ́ náà nínú fáìlì kan. Ó wà níbẹ̀ gbangba: nọ́ńbà mẹ́rin, balógun, àmì méjì, ní ìparí eré. Ara tu gbogbo ilé. Ẹran mẹ́rin ni ìyàwó bù sínú abọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Balógun náà pè é ní "ọmọ mi" fún ìgbà àkọ́kọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó tún bi í lẹ́yìn náà pé kí wá ni orúkọ rẹ̀ gan-an.

Ká ní ó fi mọ síbẹ̀ ni.

Àwọn mẹ́rin yòókù kò gbà. Mẹkáníìkì ní irọ́ ni ìwé ń pa. Akọ̀wé wá gbọ́ pé fíìmù eré náà ṣì wà nílé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan, ó ní òun máa fi pa wọ́n lẹ́nu mọ́ tán pátápátá. Ó gbé e fún ẹni tó ń sọ fíìmù àtijọ́ di tuntun. Àárọ̀ ọjọ́ ayẹyẹ gan-an ni onítọ̀hún tó gbé e dé. Àyè láti wò ó ṣáájú kò sí mọ́. Akọ̀wé kò tiẹ̀ rò pé ó pọn dandan.

Igba àga ló kún fọ́fọ́ nínú gbọ̀ngàn. Balógun jókòó níwájú pátápátá, ó fa aṣọ ikọ̀ ayé ọjọ́un wọ̀ lé ṣẹ́ẹ̀tì, ìdodo ló mọ. Alága sọ̀rọ̀ títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Wọ́n wá pa iná, wọ́n tan fíìmù sára ògiri.

Eré ku ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà. Àmì kan ni wọ́n fi ń na àwọn ọmọ wa. Olùkọ́ ju bọ́ọ̀lù, pàì! ara pátákó ló ti gbá a padà. Mẹkáníìkì ti ṣubú, ó nà gbalaja sílẹ̀, ó di orúnkún mú. Onígbàjámọ̀ yíjú sẹ́yìn, ó ti ń sá lọ. Onítáyà wà lórí bẹ́ǹṣì, ó ń mu omi.

Balógun ńkọ́? Ìdí pápá lọ́hùn-ún ló wà. Ó kẹ̀yìn sí eré. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń so okùn bàtà.

Òmìrán kan láti ikọ̀ kejì ló gba bọ́ọ̀lù náà lókè. Inú rẹ̀ dùn. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rí apẹ̀rẹ̀ nítòsí, apẹ̀rẹ̀ tó yẹ kó máa ṣọ́.

Ó fò sókè, ó gbé e sí i.

Fààà.

Ó sọ̀kalẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń dúró kí àwọn ènìyàn rẹ̀ wá gbé e. Kò sẹ́ni tó wá.

Nínú gbọ̀ngàn, rẹfirí àgbà kan dìde láti ẹ̀yìn, ó ṣàlàyé pé òfin ni: bí ẹnì kan bá ṣèèṣì ju bọ́ọ̀lù sínú apẹ̀rẹ̀ ara rẹ̀, balógun ikọ̀ kejì tó wà lórí pápá ni wọ́n máa ń kọ àmì náà fún. Ìwé kò purọ́, kò kàn ṣàlàyé ni. Oní-fíìmù rò pé wọ́n ń gbádùn rẹ̀, ó bá tún gbé e, díẹ̀díẹ̀ báyìí, kí wọ́n lè rí okùn bàtà náà dáadáa.

Balógun dìde.

"Èmi ni mo ní kó jù ú," ló wí.

"Bàbá," ni Akọ̀wé fèsì láìmọ̀gbà tó yọ lẹ́nu rẹ̀, "okùn bàtà lẹ ń so."

"Mo ń so ó, mo sì ń pàṣẹ."

Ni ẹ̀rín bá bú. Mẹkáníìkì fò dìde, ó ní bí òun ṣe ṣubú ló dẹ́rù ba òmìrán náà. Onígbàjámọ̀ ní òun mọ̀ọ́mọ̀ sá kúrò níbẹ̀ ni, kí àyè lè gba ọkùnrin náà. Onítáyà ní òun ń gbàdúrà sínú omi tí òun ń mu. Ìyàwó Akọ̀wé kò sọ ju ọ̀rọ̀ kan lọ. Ó bi ọkọ rẹ̀ pé ṣé ó ti tẹ́ ẹ lọ́rùn báyìí.

Lọ́sẹ̀ yẹn, Akọ̀wé kò rí ẹran. Balógun dá fọ́tò ìgbéyàwó wọn padà, ó ti ká a mọ́ ẹ̀yìn níbi tí ọkọ dúró sí. Alága náà ń halẹ̀ pé ọjọ́ Ẹtì ni ìwé ń lọ sọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé, kí ẹnì kan sọ ẹni tó ju bọ́ọ̀lù fún òun. Nígbà tó sú u, ó ní kí Akọ̀wé wá òmìrán náà rí, ohun tó bá sọ ni àwọn máa tẹ̀.

Wọ́n wá a, wọ́n rí i. Ó ti di ọ̀gá ilé ìwé ńlá kan nílùú wọn. Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni Akọ̀wé pè é, ó gbé fóònù sórí tábìlì kí gbogbo ilé lè gbọ́. Ìyàwó rẹ̀ jókòó lápá kan. Balógun jókòó lápá kejì, ó ṣe bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò kàn. Akọ̀wé kí ọkùnrin náà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó bi í pé, ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ló ju bọ́ọ̀lù tó kẹ́yìn yẹn?

Ọkùnrin náà wúkọ́.

"Balógun yín ni," ló wí. "Nọ́ńbà mẹ́rin. Èmi gan-an ni mo dúró níwájú rẹ̀. Mo fò, ó fò kọjá mi bí ìjì. Kò sí ọmọ èèyàn tó lè dá ọkùnrin yẹn dúró lọ́jọ́ náà. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún ìyàwó àtàwọn ọmọ mi látọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n nìyẹn."

Omi lé ròrò sójú Balógun. Ó ní ẹni tó bá rí irú olóòótọ́ èèyàn báyìí, kó dì í mú. Ìyàwó Akọ̀wé ti dìde, ó ti ń lọ sí ilé ìdáná. Akọ̀wé ṣí bíró, ó kọ ọ́ sílẹ̀ bí ọkùnrin náà ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, ó dúpẹ́, ó fẹ́ pa fóònù.

Ọkùnrin náà ní kó dúró díẹ̀. Ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Akọ̀wé, ẹ dákun," ló wí, "kò sí fíìmù eré yẹn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lọ́dọ̀ yín ṣá, àbí?"